Morónkẹ́ Lọ Wádìí Ìdílé Lọ́ọ̀dù Wexcombe

Kò sí ẹni tó mọ Morónkẹ́ Àkànbí ní Peckham tí kò mọ̀ pé ohun kan wà tí kì í fi ṣeré láyé yìí: ilé tí ènìyàn ti jáde wá. Bí o bá bá a pàdé níbùdókọ̀ lẹ́bàá Rye Lane, tí o sì kí i bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́, yóò dá ọ lóhùn tayọ̀tayọ̀, yóò sì bi ọ́ pé níbo ni ilé. Bí o bá ní Ìbàdàn ni, yóò ní níbo ní Ìbàdàn. Bí o bá dárúkọ àdúgbò, yóò béèrè agboolé. Kí bọ́ọ̀sì tó dé, ìwọ àti òun ti di ìbátan, yóò sì ti máa bínú pé o kò wá kí òun láti ọjọ́ yìí. Àwọn tó ń kánjú a máa gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. A kò dá wọn lẹ́bi, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń pàdánù.

Ìlá Ọ̀ràngún ni wọ́n bí i sí. Àkànbí ọkọ rẹ̀ ló mú un wá sí Lọ́ńdọ̀nù nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, tó rò pé òjò ìlú náà yóò dá lọ́jọ́ kan. Aylesbury Estate ni wọ́n kọ́kọ́ gbé, lókè réré, nínú ilé tí lífíìtì rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ àfi bó bá wù ú. Ibẹ̀ ló ti ń pọn Dámisọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wọn, gun àtẹ̀gùn pẹ̀lú àpò ìrẹsì lọ́wọ́, tó sì ń kọrin lọ débi pé àwọn ará ilé máa ń ṣí ilẹ̀kùn kí wọ́n lè gbọ́. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló ṣe títí irun tirẹ̀ náà fi ń funfun. Ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń wọṣọ fún wọn, ó ń po tíì fún wọn, ó sì ń bi wọ́n léèrè ìyá tó bí ìyá wọn. Òyìnbó arúgbó tí àwọn ọmọ rẹ̀ kì í yà wò, bí ẹnì kan bá bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ṣe ni ojú rẹ̀ máa ń tàn.

Nígbà tí Àkànbí kú, Morónkẹ́ kó wá sí Peckham, sínú fúláàtì kékeré kan tí oòrùn ń wọ̀ dáadáa. Lọ́jọ́ Ìsinmi, a wọ sùtánà funfun, a bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà ìjọ, a sì jó títí orúnkún rẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàròyé. Obìnrin tó mọ bí a ṣe ń yọ̀ ni.

Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti kó àrùn à-ń-bèèrè-ilé yìí. Nígbà tó wà lọ́mọdé, kí ó tó kúnlẹ̀ tán láàárọ̀ ni ìyá rẹ̀ ti máa ń kì í pé:

"Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Arìnnàkore,
Ọ̀nà ló bí i, ilé ló tọ́ ọ,
Ẹni tó bọ́ sójú ọ̀nà tó bọ́ sínú ire."

Arìnnàkore ni ìyá tó bí ìyá rẹ̀. Orí Morónkẹ́ a sì wú. Títí di òní olónìí, bó bá ń múra iṣẹ́ ní kùtù hàì, tí òtútù ń mú lóde, ó máa ń dúró níwájú dígí, a sì ki ara rẹ̀ dáadáa kí ó tó jáde. Bí ẹni tó ń kì ọ́ bá ti lọ sọ́run, ṣé kí orí rẹ wá máa sùn ni?

Ní ọdún tó kọjá ni Dámisọ́lá, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì council, mú ọmọkùnrin òyìnbó kan wálé. Tom lorúkọ rẹ̀, iṣẹ́ iná mànàmáná ló ń ṣe. Bó ti wọlé ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó sì pẹ́ níbẹ̀, nítorí pé Dámisọ́lá kọ́ ọ bí a ṣe ń dọ̀bálẹ̀ ṣùgbọ́n kò sọ ìgbà tí a ń dìde fún un. Ó jẹ ẹ̀bà, ó lá ọwọ́. Kí ó tó lọ, iná kíṣìnnì tó ti ń ṣẹ́jú láti ọjọ́ tí Morónkẹ́ ti kó débẹ̀ ti tàn yanran. Morónkẹ́ fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ; ṣé a ó wá dijú fa ọmọ fún ọkọ?

"Tom, ará ibo ni yín?" ni ó fi òyìnbó bi í.

"Surrey Quays, ma."

"Kí ẹ tó dé Surrey Quays ńkọ́?"

Tom ronú. Ó mọ bàbá rẹ̀, ó mọ bàbá bàbá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé orí ẹni tó bí ìyẹn, ó wo Dámisọ́lá bí ọmọ iléèwé tí kò kàwé dé ìdánwò.

Morónkẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Alhaja Àsúmáù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta hijab àti lọ́fíńdà ní Rye Lane. Aylesbury ni wọ́n ti jọ bẹ̀rẹ̀, wọ́n jọ gun àtẹ̀gùn kan náà. Alhaja ló ṣe ẹ̀gbọ́n, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi.

"Ta ló ní kí o máa bi ọkọ ìyàwó? Ṣé olè máa ń sọ pé olè ni òun?" ni Alhaja wí. "Àwọn neighbours la máa ń bi. Ṣé wèrè ń bẹ níbẹ̀? Ṣé wọ́n ń lu ìyàwó? Ṣé wọ́n jẹ gbèsè? Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó!"

"Alhaja, ní London yìí? Neighbour mi tó wà lókè, mi ò mọ orúkọ ẹ̀. Cat ẹ̀ nìkan ni mo mọ̀."

Ibi tí ọ̀rọ̀ dúró sí nìyẹn, títí di ọjọ́ kan tí Morónkẹ́ wọ bọ́ọ̀sì lọ tọ́jú arúgbó tuntun kan ní ẹ̀yìn ìlú. Bọ́ọ̀sì ya kọ̀rọ̀ kan báyìí, ni ó bá rí pátákó ńlá kan níwájú ọgbà: WEXCOMBE HOUSE. Ọkàn rẹ̀ fò sókè. Wexcombe! Orúkọ tó wà lẹ́yìn jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ Tom gan-an nìyí! Ní Ìlá, bí a bá rí agboolé tó ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan, àwọn ọmọ ìdílé náà ló ni ín, kò tún sí àlàyé kankan mọ́. Ẹ̀yin náà ẹ dá a lẹ́bi bí ẹ bá lè ṣe é.

Nígbà tó bi Tom léèrè, ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ah, ilé yẹn! Dádì mi máa ń sọ pé ibẹ̀ ni orúkọ wa ti wá."

Morónkẹ́ mi orí. Ọmọlúàbí ni ọmọ yìí, ni ó wí lọ́kàn ara rẹ̀, ọmọ lọ́ọ̀dù tí kì í fọ́nnu.

Báyìí ni òun àti Alhaja ṣe mú ọ̀nà pọ̀n lọ́jọ́ Sátidé kan láti lọ wádìí ilé ọkọ. Ilé náà ga, fèrèsé rẹ̀ pọ̀ bí ojú afárá oyin, owó díẹ̀ ni wọ́n sì ń gbà lẹ́nu ọ̀nà kí ènìyàn tó wọlé. Nínú pálọ̀ ńlá, àwòrán ọkùnrin kan wà lára ògiri, ó wọ kóòtù aláràbarà, ó sì dé irun funfun tó kákò lé orí. Gilbert Wexcombe nìyẹn, ẹni tó jẹ́ lọ́ọ̀dù láyé àwọn ọba tó ń jẹ́ George. Morónkẹ́ rí i, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ilé o, sà. Àwa ìyá ìyàwó la dé."

Obìnrin arúgbó tó ń mú àlejò yíká ilé náà rò pé ó ṣubú ni, ó sáré wá gbé e dìde. Nígbà tí Morónkẹ́ ṣàlàyé pé ọmọ òun fẹ́ fẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé yìí, ojú obìnrin náà là. Kò tíì sí àlejò tó bi í ní irú ìbéèrè tí àwọn méjèèjì kó kalẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Ṣé wèrè ń bẹ nínú ìdílé yìí?" ni Morónkẹ́ béèrè.

Obìnrin náà ronú, ó ní àbúrò Gilbert kan wà tó máa ń pe ẹṣin rẹ̀ wá sídìí tábìlì kí wọ́n jọ jẹun.

"Wèrè díẹ̀ nìyẹn," ni Alhaja wí. "Ẹ máa bá a lọ."

Ó ń bá a lọ. Ó ní Gilbert wọ ilé ìgbìmọ̀ nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù tán, nítorí pé ìlú tó ṣojú fún kò ní olùdìbò tó lè kún yàrá kan, àbúrò bàbá rẹ̀ ló sì ni gbogbo ilé tí àwọn olùdìbò náà ń gbé. Alhaja ní òun mọ irú ìbò bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Obìnrin náà ní Gilbert fi ẹgbẹ́ òṣèlú kan sílẹ̀ bọ́ sí òmíràn, ó tún padà, ó tún lọ, débi pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kì í bá a sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó wo ẹ̀gbẹ́ tó jókòó sí lọ́jọ́ náà. Alhaja ní òun mọ ìyẹn náà. Obìnrin náà ní Gilbert fẹ́ràn tẹ́tẹ́ káàdì, pé alẹ́ ọjọ́ kan ló fi káàdì ta oko tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀.

"Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó máa ń lù ú?" ni Morónkẹ́ béèrè, ó sì di ọwọ́ Alhaja mú.

Ojú obìnrin náà rọ̀. Harriet lorúkọ ìyàwó náà. Gilbert kò lè fẹnu kan oúnjẹ bí Harriet kò bá tíì jókòó. Nígbà tí Harriet lóyún, tó ní ẹ̀gúsí olómi dídùn tí wọ́n ń pè ní mẹ́lọ́ọ̀nù ni ọkàn òun ń fà sí, Gilbert ní kí wọ́n gbìn ín fún un nínú ọgbà kan ní Peckham, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń gun ẹṣin lọ wò ó bóyá ó ti pọ́n. Ọmọ méje ni wọ́n bí. Mẹ́ta kú ní kékeré. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, ọkùnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ ìbákà nílé ìgbìmọ̀ kò la ẹnu fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Morónkẹ́ sunkún fún wọn níbẹ̀, ó fi ìborùn nu ojú. "Gilbert, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́." Obìnrin tó ń mú wọn káàkiri náà nu dígí ojú rẹ̀, kò sì ṣe bí ẹni pé nǹkan kan ṣe é.

Ká ní wọ́n dúró níbẹ̀, ìwádìí ì bá ti parí, gbogbo rẹ̀ ì bá sì dùn. Ṣùgbọ́n yàrá kékeré kan ṣẹ́ kù lókè. Àwòrán erékùṣù kan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú oko ìrèké, àti ìwé tí wọ́n fi kọ́ ògiri pé bàbá Harriet ló ni oko náà, pé àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti ilẹ̀ àwọn adúláwọ̀ ló ń gé ìrèké, pé owó ṣúgà yẹn ni wọ́n fi ra àwọn fèrèsé tí oòrùn ń wọlé láti ojú wọn. Alhaja kà á sókè. Nígbà tó kà á tán, àwọn méjèèjì sọ̀ kalẹ̀ lọ ra tíì. Alhaja, tó máa ń bu ṣúgà sí tíì bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀, tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Morónkẹ́, kí la fẹ́ ṣe báyìí?"

"Màá sọ ọ́ fún wọn lójúkojú," ni Morónkẹ́ wí. "Lọ́jọ́ introduction."

Ẹni tí kò bá mọ oríkì lè rò pé ìyìn lásán ni. Kì í ṣe ìyìn lásán. Oríkì ilé a máa sọ ẹni tó jagun, a sì tún máa sọ ẹni tó jí ewúrẹ́. Ọmọ tó bá ti gbọ́ méjèèjì tán tó ṣì gbé orí sókè, ọmọ ilé nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, Morónkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hun oríkì ìdílé Wexcombe. Bó bá ń wẹ arúgbó, ó ń hun ún. Bó bá ń ro ẹ̀bà, ó ń hun ún.

Nígbà tí Dámisọ́lá gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ fẹ́ ṣe, ó di orí mú. "Mummy, it's not that deep! Over two hundred years ago ni. Tom ò tiẹ̀ mọ̀ nípa ẹ̀!"

"Ẹni tí kò mọ̀, ká sọ fún un kó mọ̀. Dámi, mi ò ní kí wọ́n san nǹkan kan fún mi. Mo kàn fẹ́ kí bàbá ẹ̀ gbọ́ ọ, kó wo ojú mi, kó sọ pé, 'Ìyá, òótọ́ ni, kò dáa.' Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, mo gbé ẹ fún wọn tayọ̀tayọ̀. Tó bá ṣe bí ẹni pé kò gbọ́, tó ní ká jẹ́ kó lọ, mi ò lè fọmọ fún ilé tó ń jẹ ṣúgà tí kì í nu ẹnu."

"Mummy, tó bá wá bínú ńkọ́?"

Morónkẹ́ fẹ́ràn Tom, ìyẹn ló ń dùn ún. Ó wo iná kíṣìnnì tó ń tàn, ó sì gbàdúrà kí bàbá ọmọ náà má ṣe já òun kulẹ̀.

Ọjọ́ introduction pé. Fúláàtì Morónkẹ́ ń dán, òórùn lọ́fíńdà Alhaja kún gbogbo rẹ̀. Ken, bàbá Tom, dé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n ni, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó so táì mọ́ ọrùn débi pé ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì di òdòdó mú lọ́wọ́ kan, ó di páálí bisikíìtì mú lọ́wọ́ kejì. Nígbà tí Tom dọ̀bálẹ̀, Ken rò pé ó kan òun náà. Ó gbé òdòdó sílẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ara rẹ̀ tó tóbi. Alhaja fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín. Ó gba ènìyàn mẹ́ta kí wọ́n tó gbé e dìde, nígbà tí wọ́n sì fi gbé e jókòó, gbogbo ilé ti di ẹbí ná.

Wọ́n gbàdúrà, Morónkẹ́ lọ́nà tirẹ̀, Alhaja lọ́nà tirẹ̀. Lẹ́yìn náà Morónkẹ́ dìde, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó kọjú sí Ken. Dámisọ́lá jókòó ti ọkùnrin náà láti máa túmọ̀. Morónkẹ́ gbé ohùn sókè:

"Gilbert, ọmọ Wexcombe,
Ọmọ onífèrèsé tí oòrùn ń wá kí láàárọ̀.
A-fi-irun-onírun-sorí-wọlé-ìgbìmọ̀,
Ó sùn lẹ́gbẹ́ òsì, ó jí lẹ́gbẹ́ ọ̀tún.
Ọmọ a-fi-káàdì-ta-oko-bàbá.
Ọkọ Harriet, tí kì í jẹun bí Harriet kò bá jókòó,
A-gun-ẹṣin-lọ-wo-èso-nítorí-aboyún.
Bàbá ọmọ méje, ẹ pẹ̀lẹ́ àwọn mẹ́ta."

Ken gbọ́ bí wọ́n ti ń túmọ̀ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń mi orí, ọrùn rẹ̀ ń gùn sí i. Kò sí ẹni tí kò mọ ojú ẹni tí orí rẹ̀ ń wú. Nígbà náà ni Morónkẹ́ rẹ ohùn sílẹ̀:

"Ọmọ ìrèké dùn, ọwọ́ tó gé e ń ṣẹ̀jẹ̀.
Ṣúgà ilé yín, ẹkún ilé wa.
Wexcombe, ẹ dá mi lóhùn."

Dámisọ́lá túmọ̀ rẹ̀ láìyọ ọ̀rọ̀ kan, nítorí pé ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Tom ń wo bàbá rẹ̀. Ken tú táì ọrùn rẹ̀ díẹ̀, ó wo ojú Morónkẹ́, kò sì gbé ojú kúrò.

"Òótọ́ ni, kò dáa," ni ó wí, Dámisọ́lá sì ń túmọ̀. "Mo mọ ilé yẹn, mo mọ ṣúgà yẹn. Ìwà ìkà ni, bí ó bá sì jẹ́ èmi ni mo ni ín, màá kúnlẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n mà, mi ò lè gbà á, bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè gba àwọn tó dùn tí ẹ kọ́kọ́ sọ. A kì í ṣe ọmọ lọ́ọ̀dù yẹn."

"Kí ló sọ?" ni Alhaja béèrè.

Ken ṣàlàyé, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Láyé Gilbert, wọ́n jí lọ́jọ́ kan, wọ́n bá ọmọ ọwọ́ kan nínú apẹ̀rẹ̀ èso lẹ́nu géètì ilé náà. Kò sí ẹni tó mọ ìyá rẹ̀, kò sí ẹni tó mọ bàbá rẹ̀. Àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin ló wò ó dàgbà. Wọ́n sọ ọ́ ní Moses nítorí apẹ̀rẹ̀ náà, wọ́n sì fi orúkọ ilé náà fún un nítorí pé kò ní òmíràn. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn. Ohun tí bàbá Ken sọ fún un nìyẹn, ohun tí bàbá bàbá rẹ̀ sì sọ fún bàbá rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí nǹkan kan lókè rẹ̀.

"Nítorí náà a ò ní lọ́ọ̀dù, a ò ní nǹkan kan," ni Ken wí, ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Ó ká mi lára díẹ̀, ṣé ẹ mọ̀? Kò tíì sí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi rí láyé mi. Mo ń gbádùn rẹ̀."

Alhaja fa Morónkẹ́ létí aṣọ. Ó rò pé òun rọra sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Alhaja kò mọ bí a ṣe ń rọra sọ̀rọ̀. "Morónkẹ́, ọ̀rọ̀ ṣúgà ti tán, ọ̀rọ̀ mìíràn dé o! Ta ni wọ́n? A ò mọ orírun wọn. Kí la fẹ́ sọ nílé pé a fọmọ fún?"

Dámisọ́lá kò túmọ̀ ìyẹn, ṣùgbọ́n Ken ti rí ojú Alhaja, ó sì tẹrí ba, ó ń wo bàtà rẹ̀. Tom na ọwọ́, ó gbé e lé èjìká bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò tíì le tó báyìí láti àárọ̀, nítorí pé ohun tí Morónkẹ́ ti ń bi gbogbo ayé léèrè láti ọjọ́ tó ti dáyé ni ọkùnrin yìí kò ní.

Morónkẹ́ dúró. Ètè rẹ̀ ń lọ wúyẹ́wúyẹ́. Àwọn tó wà níbẹ̀ rò pé àdúrà ló ń gbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe àdúrà. Nígbà tó yá, ó gbé e jáde sókè.

"Ọ̀nà ló bí i, ilé ló tọ́ ọ."

"Kí ni ìyẹn?" ni Alhaja wí. "Oríkì tìẹ nìyẹn kẹ̀."

"Tèmi ni, Alhaja. Ẹ ti ń gbọ́ ọ láti Aylesbury. Ṣé ẹ bi mí rí pé kí ló túmọ̀ sí?" Morónkẹ́ jókòó ti Ken, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ìyá màmá mi, ojú ọ̀nà oko ni wọ́n ti rí i, láyé ogun. Ọmọ ìrákòrò. Kò sí ẹni tó mọ ìlú ẹ̀, àwọn tó bí i ò padà wá. Ìyá àgbà kan ló gbé e wálé, tó sọ ọ́ ní Arìnnàkore, tó sì jókòó tó hun oríkì fún un, torí ó ní ọmọ tí kò sẹ́ni tó máa kì í láàárọ̀, orí ẹ̀ ò ní mọ̀nà. Nígbà tí àwọn ará ilé Àkànbí wá wádìí mi ní Ìlá, wọ́n sọ ọ́ fún wọn. Bàbá ọkọ mi ní, 'Ilé tó gbé ọmọ ọlọ́mọ dàgbà, ilé wo ló tún dáa jù ú lọ?' Alhaja, ká ní wọ́n padà lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà, èmi dà? Dámi dà?"

Alhaja wo Ken, ó ní, "Ànọ́bì Músá náà, inú apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti rí i." Bí Alhaja ṣe ń tọrọ àforíjì nìyẹn, àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ó ti pọ̀ fún un.

Omi ti dé ojú Dámisọ́lá, kò sì lè túmọ̀ dáadáa mọ́. Tom kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ èyí.

"Ó yá, Ken," ni Morónkẹ́ fi òyìnbó wí, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú tirẹ̀. "Ẹ sọ fún mi. Àwọn tó wá lẹ́yìn Moses, kí ni wọ́n ṣe?"

Ken kọ́kọ́ ní wọn kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tí ó rí i pé obìnrin yìí kò ní jẹ́ kí òun lọ, ó bẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ru igi lórí èjìká ní èbúté Surrey nígbà tí ọkọ̀ ojú omi ṣì ń wá síbẹ̀, èjìká náà le bí òkúta títí ó fi kú. Ìyá bàbá rẹ̀ fọ aṣọ àdúgbò, ó sì ń fọ ti àwọn tí kò lówó lọ́fẹ̀ẹ́. Òun fúnra rẹ̀ wa bọ́ọ̀sì gba Old Kent Road títí ó fi fẹ̀yìn tì.

Morónkẹ́ jókòó ṣánṣán. "Bọ́ọ̀sì? Tí ìyá arúgbó bá ń sáré bọ̀ pẹ̀lú ẹrù, tí ẹ sì ti fẹ́ tilẹ̀kùn, ṣé ẹ máa ń dúró dè é?"

"Mo máa ń dúró," ni Ken wí. "Wọ́n máa ń bá mi jà lórí ẹ̀ níbi iṣẹ́."

"Ìwádìí parí!" ni Morónkẹ́ kígbe. Ó fò dìde bí ọmọ ọdún ogún, orúnkún rẹ̀ kò sì ṣàròyé lọ́jọ́ náà:

"Ken, ọmọ Moses, ọmọ inú apẹ̀rẹ̀,
Ọ̀nà ló bí yín, ilé ló tọ́ yín.
Ọmọ a-ru-igi-tí-èjìká-kò-yẹ̀,
Ọmọ a-fọṣọ-olówó-fọ-ti-aláìní.
A-dúró-de-ìyá-arúgbó-lẹ́nu-bọ́ọ̀sì,
Ẹ bọ́ sójú ọ̀nà, ẹ bọ́ sínú ire.
Ẹ káàbọ̀ sílé, àna mi."

Alhaja ń pàtẹ́wọ́, Tom ń pàtẹ́wọ́. Dámisọ́lá túmọ̀ rẹ̀ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rín pẹ̀lú ẹkún. Ken kò pàtẹ́wọ́. Ó jókòó, ó gbé orí sókè, omi ń ṣàn lójú rẹ̀ wọnú ọrùn ẹ̀wù rẹ̀, kò sì nù ún. Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà dé, ó béèrè bí a ṣe ń pe ìlà kejì.

Wọ́n kọ́ ọ. Ó pè é, ó sì bà á jẹ́ pátápátá, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín títí ẹni tó ní cat fi kan ilẹ̀ lù wọ́n láti òkè. Ken tún un pè. Morónkẹ́ ní kò tíì dáa, kí ó tún un wí, nítorí pé Ken ni yóò máa fi ki àwọn ọmọ-ọmọ wọn láàárọ̀.